Ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ń yọ yín lẹ́nu ní Ìlọrin: ìlàjà, ìwé ẹ̀sùn, ọlọ́pàá àbí kóòtù?

Ọdún 17 ni mo fi jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì òṣìṣẹ́ ní Ìlọrin níbí. Nínú gbogbo ìwé tó gba ọwọ́ mi kọjá, èyí tó máa ń pẹ́ jù kó tó dé ni ìwé ẹni tí alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ń fòòró. Kó tó kọ ọ́, á ti bẹ onítọ̀hún títí, á ti sọ fún álífà tàbí ìyàwó pásítọ̀, ẹ̀jẹ̀ á ti ru sókè. Tí a bá wá bi í pé, “Ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀? Ta ló wà níbẹ̀?” kò ní rántí mọ́.

Lọ́yà kọ́ ni mí, ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti lọ́yà tó láti mọ ibi tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń já sí. Kí n tó fi ọ̀kan wé èkejì, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi gbogbo ẹni tó bá jókòó síwájú mi: kí lẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀? Ẹlòmíì fẹ́ kí ọkùnrin náà ṣáà dẹ́kun. Ẹlòmíì fẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ẹlòmíì fẹ́ kó ṣẹ̀wọ̀n. Ẹlòmíì ti ṣe tán láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, owó gbà-máà-bínú ló ń wá. Kò sí ọ̀nà kan tó lè fún yín ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gbé ẹnìkan kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, tó wá gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, lè fi ọdún gbọọrọ jẹ́rìí ní kóòtù, kí àga onítọ̀hún má sì sún kúrò níbi tó wà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́

Alábàáṣiṣẹ́ tí kì í kí ènìyàn, tó ń jẹ oúnjẹ yín nínú fíríìjì, tó ń sọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn, ìwà ló hù, kò tíì di ẹjọ́. Àmọ́ tó bá ń fọwọ́ kan ibi tí kò yẹ kó kàn, tó ń fi àwòrán ìhòòhò ránṣẹ́ lóru, tó ń tẹ̀ lé yín dé ẹnu ọ̀nà ilé ní Tanke, tó ń pè yín ní aṣẹ́wó níwájú oníbàárà lójoojúmọ́, tàbí tó ní ìwé ìgbéga yín kò ní kọjá láìjẹ́ pé ẹ gbọ́ tòun, òfin ti bá a wí nìyẹn.

Ohun kan wà tí àwọn ará wa tó ti Ìbàdàn tàbí Èkó wá ṣiṣẹ́ ní Kwara kì í mọ̀. Ìwé òfin ọ̀daràn tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún kọ́ là ń lò níbí. Abẹ́ ìjọba Àríwá la wà kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀ ní 1967, nítorí náà Penal Code tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960 la jogún. Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán ò báà sún mọ́ Ọ̀ṣun àti Èkìtì bí èékánná ṣe sún mọ́ ẹran ara, Penal Code ni tiwọn náà. Nínú ìwé òfin yìí, ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe tí wọ́n fi tàbùkù obìnrin jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ìhàlẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ìbanilórúkọjẹ́ náà sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n. Ẹ fi èyí tó kẹ́yìn yẹn sọ́kàn, torí ó máa wúlò tí a bá dé orí Facebook.

Ní 2020, Kwara tún sọ òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn di tirẹ̀. Òfin àpapọ̀ ti 2015 tó wà fún Àbújá ni wọ́n wò kọ ọ́. Òfin ti Àbújá yẹn ka kí ènìyàn máa tọ ẹlòmíì lẹ́yìn kiri, kó máa dúró káàkiri ilé tàbí ibi iṣẹ́ rẹ̀, kó máa fi ọ̀rọ̀ ba ọkàn rẹ̀ jẹ́ ṣáá, sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ti orí fóònù wá ńkọ́? Òfin Cybercrime ti 2015 wà, ṣùgbọ́n wọ́n tún un ṣe ní 2024. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ti bú ènìyàn lórí WhatsApp báyìí, á ní òun á fi Cybercrime mú un. Ní báyìí, àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ oníhòòhò, àti irọ́ tí ẹni tó pa á mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì fi ń da ìlú rú tàbí fi ẹ̀mí ènìyàn sínú ewu, ni apá òfin náà tó kan ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ dojú kọ. Ìjìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí méjèèjì. Ẹni tó bá fi fóònù halẹ̀ pé òun á ṣe ẹlòmíì léṣe tàbí òun á gbé e pamọ́, ìjìyà tirẹ̀ tún le ju ìyẹn lọ. Èébú lásán ti jáde kúrò níbẹ̀.

Ìlàjà nílé, àbí ìwé ẹ̀sùn níbi iṣẹ́?

Ní Ìlọrin, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni, “Ẹ jẹ́ ká rí i yanjú nílé.” Mi ò bú ẹni tó sọ ọ́. Ìlú yìí ò tóbi tó bí títì rẹ̀ ṣe gùn tó. Ẹni tó ń dà yín láàmú ní ọ́fíìsì ní Taiwo lè jẹ́ ọmọ agboolé tí wọ́n ti fẹ́ àbúrò yín, ẹ sì lè jọ wà nínú ẹgbẹ́ àsáláàtù kan náà. Tí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Mógàjí tàbí àwọn àgbà àdúgbò, ó lè parí lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìrun, láìná kọ́bọ̀. Ní Àjàṣẹ́ tàbí Ìgbàjà, baálé á pe ẹ̀yin méjèèjì, ojú á sì ti onítọ̀hún. Fún ọ̀rọ̀ ẹnu, èébú, ìjà orí tábìlì àti owó àjọ, ìlàjà dára gan-an. Mo ti rí èyí tó tán pátápátá.

Ibi tí kò ti dára ni ọ̀rọ̀ ìfọwọ́kàn àti ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀. Àwọn àgbà ò lágbára láti gbé ẹnikẹ́ni kúrò ní ọ́fíìsì, wọn ò sì ní ìwé tó máa sọ pé ọ̀rọ̀ kan ti ṣẹlẹ̀ rí. Èyí tó bí mi nínú jù ni pé wọ́n máa ń gbé e gba ọ̀nà ìgbéyàwó. Etí mi yìí ló gbọ́ ọ nígbà tí bàbá kan ń bi ọmọbìnrin tí wọ́n há mọ́ inú sítọ̀ pé, “Ṣé o ò lè kúkú fẹ́ ẹ ni? Ọmọ ilé ire ni.” Tí ọmọ náà bá wá lọ sí kóòtù lẹ́yìn náà, ohun tí lọ́yà tọ̀hún á kọ́kọ́ sọ ni pé, “Wọ́n ti parí ẹ̀ nílé.” Ìlàjà ò lè pa ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn rẹ́, ṣùgbọ́n ó lè sọ ẹjọ́ yín di yẹpẹrẹ. Tí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ àdéhùn sínú ìwé: ohun tó ṣe, ohun tó ṣèlérí, déètì, ìbuwọ́lùwé àwọn àgbà méjì.

Ìwé ẹ̀sùn níbi iṣẹ́ ni èmi máa ń fi ṣáájú, àfi tí ara tàbí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Ìdí rẹ̀ rọrùn. Gbogbo ọ̀nà yòókù ló máa padà béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ọlọ́pàá á bi yín pé ta lẹ sọ fún. Adájọ́ á bi yín pé ṣé ilé iṣẹ́ mọ̀. Tí ìwé bá wà, ọ̀gá ò lè sọ pé òun ò gbọ́.

Ẹ gbà á lọ sọ́wọ́ olórí ẹ̀ka yín, tó bá jẹ́ òun gan-an ni oníṣẹ́ ibi, ẹ gbé e kọjá lórí rẹ̀. Ní iṣẹ́ ìjọba, òfin iṣẹ́ ọba ka ìyọlẹ́nu nípa ìbálòpọ̀ mọ́ ìwà àìtọ́ tó burú jáì, èyí tó lè já sí ìyọniníṣẹ́. Ní ilé iṣẹ́ aládàáni, ẹ wo ìwé ìlànà òṣìṣẹ́ tí wọ́n fún yín nígbà tí wọ́n gbà yín. Tí wọn ò fún yín ní ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Ọ̀nà tí ẹ gbà kọ ọ́ ló máa sọ bóyá ẹ̀sùn ni tàbí àròyé. Ẹ wo méjì yìí:

“Ọ̀gbẹ́ni Lágbájá ò níwà rárá, ó máa ń yọ mí lẹ́nu ṣáá, ó ti sú mi.”

“Lọ́jọ́ Túsìdeè tó kọjá, ní nǹkan bí aago 11 àárọ̀, nínú yàrá àkáǹtì, Ọ̀gbẹ́ni Lágbájá fọwọ́ gbá mi nídìí. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì wà níbẹ̀, orúkọ wọn nìyí. Mo sọ fún un pé mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, ‘Ta lo fẹ́ lọ sọ fún?’ Ìgbà kẹta nìyí láàrin oṣù kan.”

Èyí àkọ́kọ́, ọ̀gá á kà á, á kan sáárá sí sùúrù yín, á sì fi sínú dúrọ́ọ̀. Èkejì, ó di dandan kó kọ kúèrì sí ẹnìkan. Ẹ ò gbọ́dọ̀ bú u nínú ìwé náà. Ẹ kàn sọ ohun tó ṣe.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì. Ẹ mú ọ̀kan fún wọn, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti déètì sí èkejì, kí ẹ gbé e lọ sílé. Ẹ̀dà tí kò ní òǹtẹ̀, lẹ́tà ìfẹ́ ni. Tí wọ́n bá kọ̀ láti gbà á, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì tàbí WhatsApp ọ̀gá, kó lè ní aago àti ọjọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó wà lórí fóònù, ẹ má pa á rẹ́, bó ti wù kó rí yín lára tó. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, ní abala 84, gba ohun tó ti inú fóònù àti kọ̀ǹpútà jáde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìwé ẹ̀rí kan tó sọ irinṣẹ́ tó ti jáde àti pé irinṣẹ́ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lọ́yà á bá yín kọ ìyẹn. Tiyín ni kí fóònù náà ṣì wà. Mo mọ ẹnìkan tó fi tirẹ̀ ṣe pààrọ̀ tuntun nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ìdajì. Skrínṣọ́ọ̀tì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní nọ́ńbà, kò ní déètì, orúkọ tó fi tọ́jú nọ́ńbà náà sórí fóònù ni “Wèrè Office” nìkan.

Ẹlòmíì tún wà, ọmọbìnrin kan tó mú ìwé àjákọ olójú-ewé 40 wá sọ́dọ̀ wa nígbà ọyẹ́. Ó ti fi bíírò kọ gbogbo rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọjọ́, aago, ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà sọ, àwọ̀ aṣọ tó wọ̀ pàápàá. Ìgbìmọ̀ tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ò lò tó wákàtí kan.

Ewu ìwé ẹ̀sùn ni ìgbẹ̀san, mi ò ní pa irọ́. Nínú iṣẹ́ ìjọba ní Kwara, ẹni tó kọ̀wé ni wọ́n lè kọ́kọ́ gbé kúrò, kí ẹ tó mọ̀, lẹ́tà pé kí ẹ máa lọ sí Kàíámà tàbí Bàrútẹ́ẹ̀n lọ́nà jíjìn ti dé. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má kàn gbé báàgì. Ẹ kọ ìwé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an pé ìgbékúrò yìí tẹ̀ lé ẹ̀sùn tí ẹ fi sùn lọ́jọ́ báyìí. Ọjọ́ méjèèjì tó sún mọ́ra yẹn, ẹ̀rí ni.

Ẹ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

(Industrial Court ni kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti ilé iṣẹ́.)

| | Ìlàjà | Ìwé ẹ̀sùn | Ọlọ́pàá | Industrial Court |
|---|---|---|---|---|
| Ohun tó lè mú wá | ẹ̀bẹ̀, ìlérí | kúèrì, ìgbékúrò, ìdádúró, ìyọniníṣẹ́ | ìmúni, ẹ̀wọ̀n, owó ìtanràn | owó gbà-máà-bínú, àṣẹ kóòtù |
| Ta ló máa dáhùn | ẹni náà àti ẹbí rẹ̀ | ẹni náà | ẹni náà nìkan | ẹni náà àti ilé iṣẹ́ |
| Ìnáwó | kò sí | owó títẹ̀wé | béèlì àti ẹ̀sùn jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí ìwé, ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́ | owó kóòtù àti ti lọ́yà |
| Àkókò | ọjọ́ díẹ̀ | ọ̀sẹ̀ sí oṣù | a ò lè sọ | ó lè ju ọdún kan lọ |
| Mo yàn án fún | èébú, gbólóhùn asọ̀ | ìyọlẹ́nu tó ń tún ara rẹ̀ ṣe | ìfọwọ́kàn, ìhàlẹ̀, ìtẹ̀lé | ilé iṣẹ́ tó mọ̀ tó dákẹ́, iṣẹ́ tó bọ́ |

Ọlọ́pàá àti Industrial Court: ibi tí ènìyàn ti máa ń ṣì wọ́n pè

“Mo fẹ́ pè é lẹ́jọ́” ni gbogbo èèyàn ń sọ, ṣùgbọ́n ẹjọ́ méjì ni ọ̀rọ̀ yẹn.

Tí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ìjọba ló ni ẹjọ́, ẹ̀yin á di ẹlẹ́rìí. Ẹ ò lè jí lọ́jọ́ kan kí ẹ ní ẹ ò ṣe mọ́, kó sì tán síbẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ láìsí iyèméjì tó nítumọ̀. Tí wọ́n bá sì dá a lẹ́bi, owó ìtanràn, àpò ìjọba ló ń lọ. Ọ̀pọ̀ ló ya ẹnu nígbà tí mo sọ èyí fún wọn.

Síbẹ̀, ìgbà kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ gba ibòmíràn lọ. Ẹni tó fi ọwọ́ líle mú yín, tó fi ipá bá yín lò pọ̀ tàbí tó gbìyànjú rẹ̀, tó halẹ̀ ikú, tó ń dúró síwájú ilé yín lálẹ́, ìwé ẹ̀sùn kọ́ ni tirẹ̀. Ilé ìwòsàn ni ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó wẹ̀, kí ẹ tó fọ aṣọ, kí dókítà kọ ohun tó rí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ ní kí ọlọ́pàá obìnrin wà níbẹ̀ tí ẹ bá ń kọ stétíméǹtì, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ kí ẹ tó bu ọwọ́ lù ú. Tí ọlọ́pàá tó wà lórí káńtà bá ní, “Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì nìyí, ẹ lọ bá ọ̀gá yín,” ẹ má padà sílé, ẹ béèrè ọ̀gá àgọ́ náà.

Láàrin ọlọ́pàá àti Industrial Court, ohun kẹta kan wà tí wọn kì í sábà rántí: àṣẹ ààbò. Lábẹ́ òfin ìwà ipá yẹn, kóòtù lè pàṣẹ pé kí ẹnìkan má ṣe sún mọ́ yín tàbí ilé yín. Òfin àpapọ̀ 2015 tí Kwara wò kọ tirẹ̀ jẹ́ kí ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re bá ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ gba àṣẹ náà, tó bá ti bu ọwọ́ lu ìwé pé òun fara mọ́ ọn. Fún ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ lé délé, àṣẹ yìí ló sún mọ́ ohun tó fẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè ju ẹ̀wọ̀n lọ. Ẹ sọ ọ́ fún lọ́yà yín, kó má lọ gbàgbé.

Ní Industrial Court, ẹ̀yin lẹ ni ẹjọ́ yín. Àtúnṣe òfin ìlú tó wáyé ní 2010, ní abala 254C, dárúkọ ìyọlẹ́nu nípa ìbálòpọ̀ níbi iṣẹ́ ní tààrà, ó sì fi í sábẹ́ kóòtù yìí nìkan. Ẹ ò ní láti gba Àkúrẹ́ tàbí Ìbàdàn lọ, ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Ìlọrin. Mo ní láti sọ èyí ketekete nítorí pé Area Court ni ọ̀pọ̀ ará ìlú wa mọ̀, níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ ìyàwó, níbẹ̀ ni wọ́n ti pín ogún, nítorí náà wọ́n á tún gbé èyí lọ síbẹ̀. Owó ìwé nìkan ni wọ́n máa sọ nù, Area Court ò lágbára lórí rẹ̀.

Ìwé ìlànà kóòtù náà ti 2017 ní kí ẹni tó ń pẹjọ́ sọ irú ìyọlẹ́nu tó jẹ́. Ó pín in sí mẹ́rin. Èkíní ni ti ìfọwọ́kàn, látorí fífi ọwọ́ kan ara dé ìfipábánilòpọ̀. Èkejì ni ti ẹnu: àwàdà ìṣekúṣe, ìbéèrè nípa ohun tí ẹ ń ṣe lóru, ọ̀rọ̀ lórí ara yín, kódà fífi súfèé pe ènìyàn. Ẹ̀kẹta ni ti ìṣe àti àwòrán. Ẹ̀kẹrin ni “fún mi n fún ọ”, ìgbéga tàbí owó tí wọ́n so mọ́ ara ènìyàn, ìwé náà sì sọ gbangba pé kì í ṣe ọ̀gá nìkan ló lè jẹ̀bi rẹ̀, ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn apá súfèé yẹn. Àwọn ọkùnrin tó ń jókòó sí abẹ́ igi máńgòrò níwájú ọ́fíìsì yẹ kí wọ́n kà á.

Ohun tó tóbi jù tí kóòtù yìí ní tí ọlọ́pàá ò ní ni pé ẹ lè pe ilé iṣẹ́ mọ́ ẹni náà. Ní oṣù Kejìlá 2013, ó dá obìnrin òṣìṣẹ́ kan láre lórí ìyọlẹ́nu nípa ìbálòpọ̀ nínú ẹjọ́ tó pe Microsoft Nàìjíríà àti àwọn mìíràn. Kóòtù ní iyì ọmọ ènìyàn tí òfin ìlú fún un ni wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, ilé iṣẹ́ náà sì pín nínú ẹ̀bi. Ẹni tó ń gba 60,000 lóṣù bíi tiyín, kí lẹ fẹ́ rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ilé iṣẹ́ tó gba ìwé ẹ̀sùn yín tó sì dákẹ́ ni owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rí ìdí tí mo fi ń pariwo òǹtẹ̀.

Ẹ̀yin ọkùnrin tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ń fi iṣẹ́ ni lára, tí ọ̀rọ̀ yín ò ní ìbálòpọ̀ nínú, ẹ máà rò pé ẹ ò sí nínú rẹ̀. Ní 2022, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn 190 ti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, èyí tó lòdì sí ìwà ipá àti ìfòòró níbi iṣẹ́ lóríṣiríṣi. Abala 254C kan náà sì fún Industrial Court láṣẹ lórí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà nira láti fìdí múlẹ̀ ju ti ìbálòpọ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ìwé àjákọ fi gbọ́dọ̀ gùn.

Ẹ̀rí tó wúwo jù lórí òṣùwọ̀n ló ń borí níbẹ̀, kò le tó ti ọ̀daràn. Ẹ sì lè gba méjèèjì pọ̀. Pé ọlọ́pàá ń bá tiwọn lọ kò ní kí ẹ máà pe ilé iṣẹ́ lẹ́jọ́.

Owó lọ́yà ni ìṣòro. Àjọ Legal Aid ní ọ́fíìsì ní Ìlọrin, ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ, ìyẹn 70,000 náírà láti 2024, lè béèrè lọ́yà ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ wọn lórí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn tí wọ́n tẹ̀ lójú. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí mo mọ̀ ní Ìlọrin, wọ́n ṣì ń fi ojú wo 70,000 lókèèrè.

Àwọn yòókù, kí n sáré mẹ́nu bà wọ́n. Àjọ Human Rights ń gba ẹ̀sùn lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹ ò bá mọ̀wé kọ, ẹ fẹnu sọ ọ́. Public Complaints Commission dára fún ẹni tí ilé iṣẹ́ ìjọba ti ìwé rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó kọjá oṣù 12, wọn kì í sì gba ohun tó ti wà ní kóòtù. Àmọ̀ràn ni wọ́n máa ń mú wá, wọn ò lè fi dandan mú un ṣẹ. FIDA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin, ń ran obìnrin lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín lè bá yín jókòó níwájú ìgbìmọ̀, àyàfi tí ẹni tó ń yọ yín lẹ́nu bá jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, mo sì ti rí ìyẹn náà.

Kí n kúkú fi iṣẹ́ sílẹ̀, àbí kí n gbé e sórí Facebook?

Ẹni tí wọ́n fòòró títí tó fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ṣì ní ẹjọ́. Industrial Court gbà pé tí ilé iṣẹ́ bá jẹ́ kí nǹkan le débi pé kò sí ènìyàn tó lè fara dà á, bí ẹni pé wọ́n lé onítọ̀hún ni. Àmọ́ ẹ wo irú lẹ́tà tí a ń kọ. “Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ara mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ fún àǹfààní ńlá tí wọ́n fún mi.” Ọmọlúàbí ni yín, ẹ sì ti fi ọwọ́ ara yín pa ẹjọ́ yín. Tí ẹ bá máa lọ, ẹ kọ ìdí tí ẹ fi ń lọ, ẹ tọ́ka sí déètì ìwé ẹ̀sùn yín, kí ẹ fi ọpẹ́ pamọ́.

Facebook ńkọ́? Orúkọ àti fọ́tò rẹ̀ tí ẹ gbé síta lè dùn mọ́ yín fún ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, òun ló máa lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, nítorí pé lábẹ́ Penal Code tí mo sọ níṣàájú, ìbanilórúkọjẹ́ jẹ́ ọ̀daràn. Òtítọ́ lè gbè yín, bí ẹ bá lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa wà nínú àgọ́ níbi tí ẹ ti ń ṣàlàyé.

Tó bá jẹ́ èmi

Olùkọ́bìnrin tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi WhatsApp dà láàmú, tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀: ìwé ẹ̀sùn lọ́sẹ̀ yìí, kó béèrè pé kí wọ́n pààrọ̀ kíláàsì tàbí àkókò ọkùnrin náà, kì í ṣe tirẹ̀. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, ìwé kejì tó tọ́ka sí àkọ́kọ́, kó sì mú ẹ̀dà méjèèjì lọ bá Legal Aid.

Nọ́ọ̀sì tí ẹnìkan há mọ́ yàrá: ilé ìwòsàn, ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà ìwé ẹ̀sùn, kí ìlàjà má tilẹ̀ wọlé rárá.

Èyí tó le jù ni ọmọ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ni mẹ́rin ní Ọjà Ọba, tí kò sí ọ́fíìsì òṣìṣẹ́, tí kò sí òǹtẹ̀, tí ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu sì jẹ́ àbúrò ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Alhaja ni ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ máa lọ bá, lórí WhatsApp, ní Yorùbá tí gbogbo èèyàn gbọ́: “Alhaja, ẹ kú iṣẹ́ o. Lánàá lẹ́yìn ìrun Àsárì, bọ̀dá wa fọwọ́ kàn mí láyà nínú sítọ̀. Mo ti sọ fún wọn nígbà méjì pé mi ò fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má ṣe é mọ́, kí ẹ má sì rán mi lọ sí sítọ̀ nígbà tí wọ́n bá wà níbẹ̀.” Kó má pe Alhaja lórí fóònù láti sọ ọ́. Kó kọ ọ́, kó fi ránṣẹ́, kó sì dúró títí àmì aláwọ̀ búlúù méjì á fi hàn.